Eku Ẹmọ́ Kan Ṣoṣo: Àlọ́, Ìtàn Ifá àti Kíkọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ ní Ọ̀rọ̀ Ojú Ọjọ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí jọ ọ̀rọ̀ eré, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ó dá lórí bí a ṣe lè fi eré ìtàn mú kí àwọn ọmọ wa mọ ohun tó ń ṣe ojú ọjọ́ ayé, kí wọ́n sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wọ́n. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìjọba nìyẹn, pé kò kan Ifá. Àwọn mìíràn gbà pé ó kan Ifá, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí a gbé ohun Ifá sínú eré, kí àwọn ọmọdé má baà fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìhà méjèèjì ló ní ìdí tirẹ̀.

Ohun tí àwa fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn baba ńlá wa ti ń fi eré ìtàn kọ́ ọmọ nípa òjò àti ọ̀dá. Èkejì, àwọn onímọ̀ òkè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọgbọ́n ara wọn dé ibi tí àlọ́ ti wà tipẹ́ ni. Ẹ̀kẹta, tó sì jẹ́ olórí gbogbo rẹ̀, eré ìtàn kì í so èso bí ọmọ kò bá lè dáhùn nínú rẹ̀, tí kò sì lè bèèrè ẹni tó dá ọ̀ràn àti ẹni tí ẹbọ tọ́ sí.

Àlọ́ gẹ́gẹ́ bí eré

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni àlọ́ pín sí. Àlọ́ àpamọ̀ ni èyí tí ẹnì kan ń sọ ọ̀rọ̀ tó fara sin, tí àwọn yòókù ń wá ìtumọ̀ rẹ̀. Àlọ́ àpagbè ni èyí tó ní ìtàn nínú, tí apàlọ́ ń dá orin, tí àwọn ọmọ ń gbè é. Ní ọ̀pọ̀ ilé, àpamọ̀ ló máa ń ṣíwájú, kí ọpọlọ àwọn ọmọ lè jí. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń pa á, pàápàá nígbà òṣùpá. Níbi púpọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ pàlọ́ lọ́sàn-án, torí ọ̀sán wà fún iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí eré náà ṣe ń lọ. Apàlọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí àwọn olùgbọ́ bá dá a lóhùn. Bí ó bá dé ibi orin, àwọn ọmọ ló ń gbé e ró, bí wọ́n bá dákẹ́, àlọ́ ti kú nìyẹn. Bí ó bá parí, yóò bi wọ́n pé kí ni àlọ́ náà kọ́ wọn, oníkálukú á sì sọ tirẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọmọ tó gbọ́ lánàá ni yóò pa tirẹ̀ lónìí, àgbà á wá jókòó gbọ́ ọ. Èyí ni a fi pè é ní eré: ó ní òfin, ó ní ìdáhùn, ipò sì ń yí láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ìdáhùn yìí wà nínú Ifá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ifá kì í ṣe eré. Nígbà tí awo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn awo tó jókòó tì í a máa fi ohùn gbà á pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọn kì í wò ó níran, wọ́n á dá a dúró. Ìdáhùn àwọn awo ló ń ṣọ́ ìtàn kí ó má baà bàjẹ́. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá náà kì í kàn án gbọ́ lásán. Yóò tún un sọ títí tí olúwo rẹ̀ yóò fi gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nínú àlọ́ àti nínú Ifá, ẹni tó ń gbọ́ ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìtàn ọ̀dá láàrin wa

Nínú àwọn ìtàn tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu awo àti lẹ́nu apàlọ́ ni ti Ilẹ̀ àti Ọ̀run. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ. Wọ́n rìn títí, eku ẹmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa. Ọ̀run ní òun ni àgbà, òun ni ẹran tọ́ sí. Ilẹ̀ ní òun ló ti wà ṣáájú, òun kò ní gbà. Ọ̀run bínú padà sílé, ó sì há òjò mọ́wọ́. Ohun ọ̀gbìn kò dàgbà mọ́, odò gbẹ, ebi dé. Àwọn ènìyàn lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní kí wọ́n rú ẹbọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹbọ dé òde Ọ̀run? Àwọn ẹyẹ tó lẹ́wà gbìyànjú, wọn kò lè dé ibẹ̀. Igún tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ló gbé e dé. Òjò ṣú kí igún tó padà, ó ń rọ̀ lé e lórí. Bí àwọn àlọ́ kan ṣe sọ ọ́, kò rí ilé kan tó ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n sì sọ ọ́ lórí títí tó fi pá.

Ìtàn yìí rìn jìnnà. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pe ìtàn Ifá àti ti Òrìṣà ní patakí, wọ́n ń sọ pé nígbà tí Olofi dá òjò dúró, Ọ̀ṣun ló fò lọ bá a ní àwọ̀ ẹyẹ ọ̀kín. Oòrùn jó gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, nígbà tó fi máa débẹ̀, igún ló dé. Ọ̀ṣun Ibú Ikolé ni wọ́n ń pe ọ̀nà rẹ̀ yìí. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò rí ilẹ̀ baba wọn mọ́, síbẹ̀ ìtàn ọ̀dá àti igún kò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìtàn kejì jẹ́ ti ìlú gan-an. Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo sọ pé omi ló wọ́n ní Ìpólé, tí Lároóyè àti Tìmẹ́yìn ọdẹ fi kó ènìyàn wọn jáde, títí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n ń gé igi kí wọ́n lè rí ibi kọ́lé sí, igi kan sì wó sínú odò, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ohùn bínú láti inú omi. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n dá májẹ̀mú, wọ́n sì kúrò létí omi lọ sórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀. Igbó náà wà títí dòní, nǹkan bí hẹ́kítà 75. Ní 1965 ni ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá tí òfin dáàbò bò, ní 2005 ni UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣé ẹ rí i pé ohun tí àwọn onímọ̀ òde òní ń sọ lónìí wà nínú ìtàn yìí? Ọ̀dá ló lé ènìyàn kúrò nílé. Igi gígé láìbèèrè ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ má kọ́lé sétí odò ni odò wí. Igbó tí a kò gé ni owó májẹ̀mú.

Nígbà tí ìdáhùn dákẹ́

Bí a bá ní irú ìtàn báyìí, kí ló wá ṣẹlẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa kò fi mọ̀ ọ́n mọ́? Kì í ṣe pé ìtàn sọnù. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ṣiṣẹ́ gidi láti kó o jọ. Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní 1973. William Bascom tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ifá ní 1969, Wándé Abímbọ́lá sì tẹ àwọn tirẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn ní 1975, 1976 àti 1977. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá mọ́ àwọn àjogúnbá ẹnu tó ṣeyebíye jù lọ láyé, ó sì wọ àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Kò sí ẹni tó lè sọ pé iṣẹ́ kékeré nìyẹn.

Ohun tó sọnù ni ìdáhùn. Nígbà tí àlọ́ di ìwé kíkà ní kíláàsì, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti yege ìdánwò. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, tí NTA sì ń ṣe ètò àlọ́ fún àwọn ọmọ, inú gbogbo wa dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Àmọ́ ọmọ tó jókòó sílé lè pariwo dáhùn títí, apàlọ́ inú àpótí kò ní gbọ́ ọ. Ipò kò yí mọ́. Ọmọ tó gbọ́ lánàá kò pa tirẹ̀ lónìí. Ó di òǹwòran.

Àwa awo pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ awo ìgboro lónìí lè ka ẹsẹ Ifá tó dárúkọ ewé mẹ́ta, kí ó má dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn bí ó bá rí i nínú ìgbẹ́. Pierre Verger tẹ ìwé Ewé jáde ní 1995, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ewé ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé inú ìwé kò ṣe é gún lágbo. Bí igbó bá tán, ìwé ló kù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti ti igbó kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Inú àpò Ifá ló ti ń jẹun.

Ohun tó ń ṣe ojú ọjọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ṣókí, kí gbogbo wa lè jọ wà lójú kan. Èédú, epo bẹntiróò àti gáàsì tí aráyé ń dáná sun láti bí igba ọdún ó lé, pẹ̀lú igbó tí wọ́n ń gé, ń tú èéfín kan tí a kì í fojú rí sínú afẹ́fẹ́. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ni wọ́n ń pè é. Ó ń há ooru mọ́ ayé bí ìgbà tí a da aṣọ tó nípọn bo ènìyàn. Ní 1958 tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, nǹkan bí ìdá 315 ni nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́. Ní 2024, ó ti ju 420 lọ. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé dá sílẹ̀ ní 1988 sọ nínú ìròyìn wọn ti 2021 pé ooru ayé ti fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.1 Sẹ́síọ́ọ̀sì lé sí i ju ti 1850 sí 1900 lọ.

Nílẹ̀ wa, a ti rí ọ̀dá, a sì ti rí omíyalé. Ọ̀dá tó mú Sahel láti ìparí ọdún 1960 ó lé kò ṣeé gbàgbé. Ní 1983, ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ jó oko kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti Ghana ló pọ̀ jù. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún ya ní Ìbàdàn kan náà, ẹni tó kú ju 100 lọ. Ní 2012 àti 2022, àgbàrá ńlá kó ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, èyí tó dé ní 2022 sì gba ẹ̀mí tó ju 600 lọ. A kò ní kí ẹnikẹ́ni kó gbogbo rẹ̀ lé ojú ọjọ́ lórí. Pàǹtí tí a dà sí Ògùnpa àti ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé tó ń gbóná ń jẹ́ kí òjò ńlá túbọ̀ wúwo sí i, ìyẹn ti dájú.

Ẹ tún wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ní 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sétí òkun, ó sì lókìkí nígbà kan pé ayé dùn níbẹ̀ lóòótọ́. Lónìí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé, títí àti ojú pópó, lọ. Ọmọ Ayétòrò tó bá bi wá pé kí ni òun ṣe tí òkun fi gbé ilé baba òun, kí la máa sọ fún un?

Eré ìtàn àwọn ará òkè òkun

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ bá ìṣòro kan pàdé. Wọ́n ní òǹkà tó dájú, ṣùgbọ́n òǹkà kì í wọ ọmọ lára. Ìwé ìròyìn wọn ń pọ̀ sí i, ìwà kò yí padà. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré ṣe é.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Potsdam ní Jámánì ṣe eré orí pátákó kan tí wọ́n pè ní Keep Cool. Oníkálukú ń ṣe bí ẹkùn àwọn orílẹ̀-èdè kan, ó ń wá ọrọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru inú eré bá ga kọjá ààlà, gbogbo wọn ló pàdánù, kò sí ẹni tó jẹ.

Ní 2007, Ken Eklund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe World Without Oil. Fún ọjọ́ 32, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ṣe bí ẹni pé epo bẹntiróò ti wọ́n gógó, kí oníkálukú sì máa sọ bí ayé ṣe rí ládùúgbò rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fún wọn. Ẹnu àwọn tó ń ṣeré ni ìtàn ti ń jáde. Ní 2014, Eklund yìí kan náà ṣe FutureCoast, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Yunifásítì Columbia. Nínú èyí, ènìyàn á tẹ fóònù, á fi ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń pè láti ọdún tí kò tíì dé, á sọ bí òkun, òjò àti ooru ṣe ń ṣe òun lọ́hùn-ún. Àwọn yòókù á wá máa gbọ́ ohùn wọ̀nyẹn bí ohùn àrá ọ̀la.

Ẹ̀kẹrin ló sún mọ́ wa jù. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ tí àjọ aláàánú Red Cross dá sílẹ̀ ní 2002 ní The Hague ní eré kan tí wọ́n ń pè ní Paying for Predictions. Ẹ̀wà ni owó, dáìsì ni òjò. Kí wọ́n tó ju dáìsì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pinnu: ṣé kí a náwó díẹ̀ nísinsìnyí láti fi múra sílẹ̀, àbí kí a dúró? Bí omi bá yalé tí o kò múra, ẹ̀wà tó máa ti ọwọ́ rẹ jáde pọ̀ ju ti ìmúra lọ. Wọ́n tún lè fi ẹ̀wà ra ìsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́.

Ẹni tó bá ti jókòó nídìí ayò ọlọ́pọ́n rí, tó mọ ojúlé méjìlá àti ọmọ ayò 48, kò ní rí èyí bí àjèjì. Ẹni tó sì mọ Ifá á rẹ́rìn-ín músẹ́. Náwó díẹ̀ ṣáájú kí ibi tó dé, gbọ́ ohùn ọ̀la kí o tó gbé ẹsẹ̀: kí ni à ń pè ní ẹbọ, kí ni à ń pè ní àyẹ̀wò? A kò sọ pé wọ́n jí i lọ́dọ̀ wa o. Wọ́n wá a títí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n já sí ni.

Ẹbọ ta ni?

Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ torí èyí máa fọ́nnu. Ìtàn tiwa ní ohun tí eré wọn kò ní, eré wọn náà sì ní ohun tó yẹ kí ó jí wa.

Ohun tó wà nínú tiwa ni ìdájọ́. Nínú eré ẹ̀wà àti dáìsì, òjò kan ń rọ̀ ni, kò sí ẹni tó dá a sílẹ̀. Nínú ìtàn Ilẹ̀ àti Ọ̀run, ọ̀dá ní orísun: àwọn alágbára méjì ló jà nítorí eku ẹmọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ebi pa kò sí lóko ọdẹ lọ́jọ́ náà. Àgbẹ̀ kò sí níbẹ̀, aboyún kò sí níbẹ̀, igún náà kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà láyé lónìí gan-an nìyí. Nínú èéfín tí aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́ lọ́dọọdún, ti gbogbo Áfíríkà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọmọ Ayétòrò ni òkun sì gbé ilé rẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn yìí dáadáa yóò bèèrè pé: ta ló jẹ eku ẹmọ́ náà? Ìbéèrè náà tọ́. Ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò dúró síbi ẹ̀sùn. Bí ẹni tó ṣẹ̀ bá tilẹ̀ jìnnà, ìlú rú ẹbọ, igún sì gbéra. Àwa náà ní iná gáàsì tí wọ́n ń sun ní Niger Delta, a ní igbó tí a fi ọwọ́ ara wa gé, a ní odò tí a fi pàǹtí dí. Omi Ọ̀ṣun tó yí àwọ̀ padà ní 2021 àti 2022, tí wọ́n so mọ́ ìwakùsà góòlù, kì í ṣe ará òkè òkun nìkan ló jẹ ère rẹ̀.

Ewu kan wà níbí tí ó yẹ ká sọ lójú ara wa. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn náà lóréfèé lè sọ pé, ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé ẹbọ, òjò á rọ̀, ó tán. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Ifá wí. Ẹbọ kì í ṣe owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ kí ìrẹ́pọ̀ lè padà ni. Àwọn ará Òṣogbo fi etí omi sílẹ̀, wọ́n fi igbó sílẹ̀. Bí ẹbọ ojú ọjọ́ kò bá mú ohunkóhun kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, eré lásán la ń ṣe.

Ohun tí eré wọn sì lè kọ́ wa ni pé kí a dá ìtàn dúró lágbede méjì. Apàlọ́ wa mọ ìparí, ó sì ń sáré lọ bá a. Bí a bá dúró síbi tí Ọ̀run ti há òjò mọ́wọ́, tí a pín ipò fún àwọn ọ̀dọ́, ẹnì kan Ilẹ̀, ẹnì kan Ọ̀run, ẹnì kan àgbẹ̀, ẹnì kan igún, tí a wá bi wọ́n pé kí lẹ máa ṣe, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Ẹni tó ṣe Ilẹ̀ yóò mọ bó ṣe ṣòro tó láti jọ̀wọ́ eku kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣe igún yóò mọ ohun tó ń dun ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ààlà tó yẹ ká pa

A wá padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń bẹ̀rù pé eré yóò ba Ifá jẹ́. Ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Ohun mímọ́ tó bá di ohun ìṣeré lè ṣòro láti dá padà sí ipò rẹ̀. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ààlà wà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ eré kan ikin, ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ọpọ́n Ifá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ Odù nínú eré bí ẹni pé wọ́n dá Ifá. Bí wọ́n bá nílò ohun tí yóò pe òjò tàbí ọ̀dá, dáìsì ludo ti tó. Kì í ṣe owó ẹyọ, torí ẹ̀rìndínlógún kì í ṣe ohun eré. Ọmọ ayò ni kí wọ́n fi ka omi àti oúnjẹ. Ìtàn tó ti wà lẹ́nu apàlọ́ ni kí a fi ṣeré. Ẹsẹ Ifá tí awo ń kì níwájú Ọ̀rúnmìlà, kí ó dúró síbi tó wà. Ọmọ tí eré bá sì mú kó fẹ́ mọ̀ sí i, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ olúwo, kí ó lọ kọ́ ọ bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ìtàn jẹ́ ti ibi tí ọmọ wà. Ọmọ Ìbàdàn ní Ògùnpa, ọmọ Òṣogbo ní Ọ̀ṣun, ọmọ Ìlàjẹ ní òkun. Ẹ rán wọn lọ bá ìyá àgbà kí wọ́n bèèrè ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé nígbà èwe wọn, ìgbà tí ọyẹ́ máa ń mú, ìgbà tí iṣu tuntun máa ń jáde. Ọdún Ifá wa rọ̀ mọ́ iṣu tuntun. Bí òjò bá ń yẹ̀ lórí àsìkò, kàlẹ́ńdà wa gan-an ló ń mì. Kí wọ́n mú ohun tí wọ́n gbọ́ wálé, kí wọ́n sì fi ṣe àlọ́ tuntun tí àwọn fúnra wọn yóò pa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pè láti ọdún 2060, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, kí àwa àgbà sì jókòó gbọ́ ọ.

Kí eré má sì parí lẹ́nu. Kí ohun kan wà tí ọwọ́ ṣe: kí wọ́n gbin pèrègún, àkókò tàbí ìyeyè sí àgbàlá ìlédì, kí wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí à ń fi í ṣe. Kí wọ́n kó pàǹtí kúrò lójú àgbàrá kan. Bí a bá ṣe é lọ́dún mẹ́ta, ọmọ awo tí kò dá ewé mọ̀ yóò dín kù, ìyẹn nìkan sì ti tó èrè.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló ń mọ ibi tí yóò wó sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igi tí à ń wí yìí, àwa àgbà ayé ló gé e, orí àwọn ọmọ ló sì ń wó lé. Kí a fún wọn ní ẹnu nínú ìtàn kì í ṣe àánú tí à ń ṣe wọ́n, gbèsè ni. Nítorí bí òjò bá tún há, kì í ṣe Ilẹ̀, kì í ṣe Ọ̀run ni yóò gbé ẹbọ náà lọ. Àwọn ọmọ yìí ni igún wa. Bí wọ́n bá padà dé, kí wọ́n bá ilẹ̀kùn wa ní ṣíṣí.